Bí Kámẹ́rà Tuntun Bá Ń Ya Fọ́tò Tó Dúdú Jù tàbí Tó Funfun Jù: Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ gbé kámẹ́rà tuntun jáde lọ sí òde kan ní Àlágbàká, l'Ákúrẹ́. Ẹ dúró sójú kan, ẹ ya fọ́tò mẹ́fà. Èkíní dára, ìkejì ṣókùnkùn, ìkẹta funfun báláú. Ìkẹrin tún dára, ìkarùn-ún tún ṣókùnkùn, ìkẹfà tún funfun. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé ọjà tó ti bàjẹ́ ni wọ́n tà fún àwọn. Ẹ má tíì gbé e padà fún ẹni tó tà á, ẹ má sì jẹ́ kí alátùn-únṣe kankan fi tọ́nafísì kàn án. Lọ́pọ̀ ìgbà, kámẹ́rà náà ń tẹ̀lé àṣẹ kan tó wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ rà, ó lè jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ ní in ló fi àṣẹ náà sílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ tuntun láti inú páálí, ó lè jẹ́ ìka yín ló tẹ bọ́tìnì kan nígbà tí ẹ ń yọ ọ́ jáde nínú báàgì.

Àpẹẹrẹ tí a mú yìí gan-an, rere, dúdú, funfun, tó ń yí po lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta, ní orúkọ: bracketing ni. Orí Canon, AEB ni wọ́n kọ. Orí Nikon, BKT ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya ohun kan náà ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta kí ẹ lè mú èyí tó bá wù yín. Tí ẹ bá rí àmì mẹ́ta dípò ẹyọ kan lábẹ́ òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ lójú kámẹ́rà, tàbí tí ẹ rí BKT, ẹ wọ inú mẹ́nù kí ẹ dá a padà sí 0 tàbí Off. Orí Nikon, pípa kámẹ́rà kò ní pa á, torí náà ẹ má retí pé yóò lọ fúnra rẹ̀ lọ́la.

Èyí rọrùn torí pé ètò kan náà ló ń tẹ̀lé léraléra. Àwọn tó kù gba kí ẹ fara balẹ̀.

Ẹ bi fọ́tò náà léèrè

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣí fọ́tò tó bàjẹ́ náà lójú kámẹ́rà, kí ẹ tẹ bọ́tìnì Info tàbí Disp títí tí àwọn nọ́ńbà yóò fi jáde. Lórí Nikon, ọfà òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni ẹ ó tẹ̀. Ẹ ó rí ohun márùn-ún tó ṣe kókó: lẹ́tà tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ (P, A tàbí Av, S tàbí Tv, M), ìyára ṣọ́tà bíi 1/125 (ìdá ìṣẹ́jú-àáyá tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀), ihò lẹ́ǹsì bíi f/5.6 (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe tóbi tó), ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó gbà), àti nọ́ńbà tí àmì ± wà níwájú rẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé. Ẹ ṣí fọ́tò tó dára tí ẹ yà níbì kan náà, kí ẹ kọ tirẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èyí tó fò nínú àwọn nọ́ńbà yẹn ni ẹ ń wá. Bí àpẹẹrẹ, tí fọ́tò méjèèjì bá jẹ́ 1/125 àti f/5.6, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan jẹ́ ISO 400 tí èkejì sì jẹ́ ISO 6400, ẹ ti mọ̀ pé ISO ni kámẹ́rà ń yí fúnra rẹ̀. Tí gbogbo nọ́ńbà bá dọ́gba tí fọ́tò kan ṣì dúdú ju èkejì lọ, ẹ fi mẹ́nù sílẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló yí padà, tàbí fláàṣì tí kò tàn, tàbí iná tó ń ṣẹ́jú, tàbí abẹ́ inú lẹ́ǹsì, àwọn abẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń ṣí ihò rẹ̀ tó sì ń tì í, tó há. Ìyàtọ̀ yìí nìkan máa ń dín iṣẹ́ kù sí ìdajì. Ìdí nìyí tí a kò fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti kọ́kọ́ ṣe reset, ìyẹn dídá gbogbo àṣẹ kámẹ́rà padà sí bó ṣe wà nígbà tó jẹ́ tuntun, nítorí reset máa ń pa ẹ̀rí rẹ́.

Ẹ rántí bí nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti 1/125 sí 1/60, ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì. Láti f/5.6 sí f/4, ìlọ́po méjì. Láti ISO 400 sí 800, fọ́tò mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ìpele kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn; stop ni àwọn fọtógíráfà ń pè é.

M kò túmọ̀ sí pé ẹ̀yin lẹ ń darí gbogbo rẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, ó sì yẹ ká dúró níbẹ̀ dáadáa.

Lórí P, kámẹ́rà ló ń yan ṣọ́tà àti ihò lẹ́ǹsì. Lórí A tàbí Av, ẹ̀yin lẹ yan ihò, òun ló yan ṣọ́tà. Lórí S tàbí Tv, ẹ̀yin lẹ yan ṣọ́tà, òun ló yan ihò. Lórí M, ẹ̀yin lẹ yan méjèèjì. Ṣùgbọ́n ISO ńkọ́? Tó bá wà lórí Auto, kámẹ́rà ṣì ń darí ohun kẹta yẹn, kódà lórí M.

Ohun tí ẹ ó rí nìyí. Ẹ yí ṣọ́tà láti 1/125 sí 1/500, ẹ retí pé fọ́tò yóò dúdú sí i ní ìpele méjì, ṣùgbọ́n kò yí padà rárá. Kámẹ́rà ti gbé ISO láti 400 lọ sí 1600 lẹ́yìn yín. Ẹ wá jáde síta lọ́sàn-án gangan ní òpópónà Ọba Adésidà pẹ̀lú f/2.8 àti 1/125: ISO já wálẹ̀ dé 100, kò rí ibì kan já sí mọ́, fọ́tò di funfun báláú. Lálẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ISO gòkè dé ibi tí mẹ́nù fàyè gbà, bóyá 6400, ó dúró síbẹ̀, fọ́tò sì ṣókùnkùn. Kámẹ́rà kan náà ló ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí èyí tó jẹ́ àìsàn nínú wọn.

Lórí Canon, ẹ tẹ bọ́tìnì ISO kí ẹ yan nọ́ńbà dípò AUTO. Lórí Sony, AUTO wà ní òkè àkójọ. Ẹ kúrò lórí rẹ̀. Nikon ló ní ọgbọ́n tirẹ̀ tó máa ń tan èèyàn: ẹ lè yan ISO 200 kí ẹ rí 200 níbẹ̀, síbẹ̀ kí Auto ṣì wà ní títàn, tí 200 yẹn kàn jẹ́ ibi tó kéré jù tí ISO lè dé. Tí ẹ bá rí ISO-AUTO lójú kámẹ́rà, ẹ wọ ISO sensitivity settings nínú mẹ́nù, kí ẹ pa Auto ISO sensitivity control.

A kò sọ pé Auto ISO burú. Ẹni tó ń tẹ̀lé èrò káàkiri níbi ọdún Ọ̀gún l'Óǹdó, láti inú oòrùn bọ́ sábẹ́ igi, bọ́ sábẹ́ àtíbàbà, yóò jèrè rẹ̀. Kí ẹ kàn mọ ìgbà tó wà ní títàn, kí ẹ sì fi ààlà sí i nínú mẹ́nù.

Lórí Av tàbí Tv, ẹ máa wo nọ́ńbà tó bá ń ṣẹ́jú. Lórí Canon, bí 30" bá ń ṣẹ́jú lórí Av, ibẹ̀ ṣókùnkùn ju ohun tí ṣọ́tà lè gbà lọ. Bí 4000 tàbí 8000 bá ń ṣẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ dín ihò lẹ́ǹsì kù. Lórí Tv, nọ́ńbà ihò ni yóò máa ṣẹ́jú: tó bá jẹ́ nọ́ńbà kékeré bíi 3.5, ìmọ́lẹ̀ kò tó; tó bá jẹ́ 22, ó pọ̀ jù. Nikon máa ń kọ Lo tàbí Hi. Kámẹ́rà ń bá yín sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ẹ má kàn tẹ ṣọ́tà kọjá lọ.

Àmì ±

Bọ́tìnì yìí máa ń sọ fún kámẹ́rà pé kó fi ìmọ́lẹ̀ kún tàbí kó yọ kúrò lára ohun tí míta rẹ̀, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, sọ. Tí gbogbo fọ́tò yín bá dúdú ní ìwọ̀n kan náà, nílé àti níta, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó lè ti wà ní −1⅔ láti àná. Lórí Nikon àti ọ̀pọ̀ Canon, kì í padà sí 0 nígbà tí ẹ bá pa kámẹ́rà. Àwọn kámẹ́rà Fujifilm àti Sony kan ní ± lókè lórí ohun roboto tó ń yí, báàgì lásán sì lè yí i. Kí ẹ tó yọ ìbòrí lẹ́ǹsì níbi iṣẹ́, ẹ fi àtàǹpàkò dá a padà sí 0.

Míta rò pé gbogbo nǹkan rí bí eérú

Ohun tó wà nínú kámẹ́rà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ kò mọ ìyàwó yàtọ̀ sí ògiri. Ohunkóhun tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti mú kó rí bí àwọ̀ eérú, láàárín dúdú àti funfun. Nígbà tí ìyàwó bá wọ lace funfun, tó dúró níwájú aṣọ funfun tí àwọn tó ṣe ibẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ta sí ẹ̀yìn rẹ̀, míta á ní "ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù", á sì dín in kù. Lace á wá rí bí aṣọ tí wọn kò fọ̀ dáadáa, ojú ìyàwó á sì ṣókùnkùn. Ẹ fi ± sí +1 títí dé +1⅔, kí ẹ yà á, kí ẹ wò ó.

Òdìkejì rẹ̀ ni kóòtù dúdú, aṣọ òfì aláwọ̀ aró tó kún inú fọ́tò, tàbí àpáta Ìdànrè. Míta á ní ìmọ́lẹ̀ kò tó, á fi kún un, àpáta á wá rí bíi pé ẹfun ni wọ́n fi kùn ún. Ẹ lọ sí −⅔. Ní Ìdànrè náà, ẹ ó rí i pé bí ẹ bá gbé kámẹ́rà sókè díẹ̀ kí ojú ọ̀run lè wọlé, àpáta á dúdú. Bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àpáta á mọ́lẹ̀, ojú ọ̀run á sì di funfun. Kámẹ́rà kò yí ọkàn padà. Ohun tí ẹ fi hàn án ló yí padà. Ẹ darí kámẹ́rà sí ibi tó ṣe pàtàkì sí yín, ẹ tẹ AE-L, èyí tó jẹ́ àmì ìràwọ̀ lórí Canon, kó di ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ mú, kí ẹ tó tún fọ́tò náà tò.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wa ṣe pàtàkì níbí. Tí ojú ẹni tó dúdú bá kún inú fọ́tò, míta á mú ojú náà fúyẹ́ ju bó ṣe rí lọ, àwọ̀ á sì ṣì. Lọ sí −⅓ tàbí −⅔. Ẹni tó dúdú dáadáa yẹ kó dúdú nínú fọ́tò, kó sì máa dán. Tí ẹni kan náà bá dúró níwájú ògiri funfun, àfikún ló nílò. Torí náà ẹ má fi ± sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́.

Tí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò bá ń fò sókè sódò bí ẹ bá kàn yí kámẹ́rà díẹ̀, ẹ wo bí míta ṣe ń wọn nǹkan. Ó lè jẹ́ pé Spot ni ẹni tó kọ́kọ́ ní kámẹ́rà fi í sí. Spot ń wọn kìkì ibi kékeré bí ojú owó ẹyọ: àárín fọ́tò lórí ọ̀pọ̀ Canon, ibi tí fókọ́ọ̀sì wà lórí Nikon. Tó bá bọ́ sórí fìlà dúdú, gbogbo fọ́tò á funfun. Tó bá bọ́ sórí eyín funfun, gbogbo rẹ̀ á dúdú. Ẹ dá a padà sí Evaluative lórí Canon, Matrix lórí Nikon, Multi lórí Sony.

Fláàṣì

Bí fláàṣì bá wà lórí kámẹ́rà, ṣọ́tà kì í sábà kọjá 1/200 tàbí 1/250, gẹ́gẹ́ bí irú kámẹ́rà náà bá ṣe rí. Tí ẹ bá yan 1/1000 tó sì ń padà sí 1/200 fúnra rẹ̀, kò bàjẹ́. Tí ẹ bá lo tírígà (ohun tó ń tan fláàṣì láti òkèèrè) tí kámẹ́rà kò dá mọ̀, ṣọ́tà lè kọjá ààlà yẹn, ẹ ó sì rí ọ̀nà dúdú kan tó gé apá kan fọ́tò kúrò. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1/160, kí ẹ tún gbìyànjú.

Ó máa ń ya àwọn tó ń lo Canon lẹ́nu lórí Av: lálẹ́, pẹ̀lú fláàṣì, kámẹ́rà á yan 1/8, ẹni tó ń jó á sì rí bí iwin, torí kámẹ́rà fẹ́ gba ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Nínú mẹ́nù, ẹ wá Flash sync. speed in Av mode, kí ẹ yan 1/200-1/60. Tàbí kí ẹ kúkú bọ́ sórí M: 1/125, f/5.6, ISO 800, kí fláàṣì wà lórí TTL, níbi tí kámẹ́rà ti ń bá yín wọn agbára fláàṣì. Ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn.

Fọ́tò kan mọ́lẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e dúdú, nọ́ńbà kan náà? Fláàṣì kò tíì gba agbára tán ni. Ẹ dúró kí iná kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ tàn. Tó bá ń pẹ́ jù, ẹ pààrọ̀ bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀. Tí ẹ bá sì ń kọ orí fláàṣì sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà láti ara àjà, ìyẹn kò ní ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn tí òrùlé rẹ̀ ga bíi ti Dome l'Ákúrẹ́. Ìmọ́lẹ̀ á lọ, kò ní bọ̀.

Fún kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, mirrorless, ohun kan wà nínú sítúdíò: ẹ fi 1/160, f/8, ISO 100 sí i fún fláàṣì ńlá, ojú kámẹ́rà wá ṣókùnkùn biribiri, ẹ kò rí ẹni tó jókòó mọ́. Kámẹ́rà ń fi hàn yín bí fọ́tò yóò ṣe rí láìsí fláàṣì. Lórí Sony, ẹ sọ Live View Display di Setting Effect OFF. Lórí Canon, ẹ pa Exposure simulation.

Ìlà dúdú lábẹ́ iná

Iná mànàmáná wa ń lọ ní 50Hz, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ gílóòbù àti LED ń tàn, ń rẹ̀ sílẹ̀ nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n ṣọ́tà tó yára rí i. Fọ́tò kan á mọ́lẹ̀, òmíràn á dúdú tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tàbí kí ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ lo 1/100 tàbí 1/50, ẹ pa Silent tàbí electronic shutter, kí ẹ tan Anti-flicker tí kámẹ́rà yín bá ní in. Fún fídíò, 25 fps (àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) pẹ̀lú 1/50. Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, 50Hz yẹn kì í dúró sójú kan, nítorí náà ìlà lè ṣì fara hàn lórí 1/100. Nígbà náà, ẹ gbára lé fláàṣì yín.

Ṣé lẹ́ǹsì ni?

Lẹ́ǹsì 18-55mm tó máa ń bá kámẹ́rà wá ní f/3.5-5.6 lára. Ní 18mm, ihò rẹ̀ lè dé f/3.5, bí ẹ bá fà á dé 55mm, kò lè kọjá f/5.6. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ju ìpele kan lọ ti bọ́ sọ́nù, láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan. Tí ẹ bá ń lo M, ẹ yan f/5.6 láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní yí padà mọ́.

Àyẹ̀wò tó dájú ni èyí. Ní ọ̀sán tí oòrùn mú, tí kò sí ìkùukùu, ẹ wá ògiri tí oòrùn ń tàn sí tààrà. Ẹ fi kámẹ́rà sí M, ISO 100 (kì í ṣe Auto), lẹ́ǹsì ní 55mm, kí ẹ ya fọ́tò mẹ́rin: f/16 pẹ̀lú 1/125, f/11 pẹ̀lú 1/250, f/8 pẹ̀lú 1/500, f/5.6 pẹ̀lú 1/1000. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ dọ́gba. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bo oòrùn, gbogbo wọn lè dúdú díẹ̀, kò burú. Kí wọ́n ṣáà dọ́gba. Tí f/5.6 bá dára, tí f/8 funfun, tí f/16 sì funfun jù wọ́n lọ, abẹ́ inú lẹ́ǹsì kò ti. Ẹ pa kámẹ́rà, ẹ yọ lẹ́ǹsì, ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nu àwọn irin wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà tó wà ní ìdí lẹ́ǹsì àti lára kámẹ́rà, ẹ dè é padà kó dún, kí ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe. Tí kò bá yí padà, ẹ fi lẹ́ǹsì mìíràn dán an wò. Bí ìyẹn bá ya dáadáa, lẹ́ǹsì àkọ́kọ́ ló ní àìsàn, kì í ṣe kámẹ́rà.

Lórí Nikon tó bá kọ FEE, lẹ́ǹsì àtijọ́ tó ní òrùka ihò lára ni ẹ fi sí i. Ẹ yí òrùka náà dé nọ́ńbà tó tóbi jù, kí ẹ tì í.

Àwọn kékeré tó kù: tí ISO 100 kò bá sí lórí Canon, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti 200, tí ẹ sì rí D+, ẹ pa Highlight Tone Priority. Tí kámẹ́rà DSLR, èyí tó ní dígí nínú, bá wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ojú yín kò sí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ bo ihò tí à ń yọjú wò, torí ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé tan míta jẹ. Ẹ má sì fi ojú kámẹ́rà nìkan dá fọ́tò lẹ́jọ́. Nínú oòrùn, gbogbo fọ́tò ló máa ń dà bíi pé ó dúdú. Lálẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń dán. Histogram, àwòrán kékeré tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín nínú fọ́tò hàn láti dúdú lósì dé funfun lọ́tùn-ún, ni kí ẹ wò: tó bá ṣù mọ́ ògiri ọ̀tún, funfun ti jóná; tó bá ṣù mọ́ òsì, òkùnkùn ti gbé e mì.

Reset, àti lẹ́yìn rẹ̀

Tí ẹ bá ti kọ gbogbo nọ́ńbà sílẹ̀ tí ẹ kò rí ìdí rẹ̀, ó tó àkókò. Canon: Clear all camera settings, lẹ́yìn náà Clear all Custom Func., torí ọ̀tọ̀ ni méjèèjì lórí ọ̀pọ̀ wọn. Nikon: lórí àwọn tó ní in, ẹ di bọ́tìnì méjì tí àmì aláwọ̀ ewé wà lára wọn mú pa pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì ó lé. Sony: Setting Reset. Ẹ fọkàn sí C1, C2, U1 àti U2, àwọn ibi tí èèyàn lè fi àṣẹ tirẹ̀ pamọ́ sí: àṣẹ tí ẹlòmíràn fi pamọ́ síbẹ̀ lè má lọ pẹ̀lú reset. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹ lo P tàbí M ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ tún àyẹ̀wò ògiri náà ṣe. Tí fọ́tò mẹ́rin kò bá tíì dọ́gba pẹ̀lú lẹ́ǹsì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìgbà yìí ni kí ẹ gbé kámẹ́rà lọ, ẹni tó tà á ni kí ẹ sì kọ́kọ́ bá, torí ó lè kọ̀ láti gbà á padà tí wọ́n bá ti tú u. Ẹ má pa fọ́tò mẹ́rin yẹn rẹ́ lórí káàdì. Ẹ fi hàn án pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára wọn: "f/16 funfun, f/5.6 dára" tàbí "1/1000 dúdú, 1/125 dára" á sọ fún alátùn-únṣe bóyá abẹ́ lẹ́ǹsì ló fẹ́ wò tàbí ṣọ́tà.